Orúkọ Tó Jáde ní Jíbówú

Kúlà ni Bàlíkísù kọ́kọ́ rí kó tó rí ẹni tó rù ú. Òjò ń rọ̀ ní Yábà lọ́jọ́ náà láìdáwọ́ dúró, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọ́fíìsì wọn lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ń wo omi bó ṣe ń ṣàn gba orí àkàbà sọ̀ kalẹ̀, ni kúlà búlúù ńlá kan bá ń gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn kúlà ni iwájú orí yọ, lẹ́yìn náà ojú méjì tí omi ń ro lára ìpéǹpéjú wọn, àti ẹ̀rín tí òjò kò rí pa.

Ọkùnrin náà ga, ó tín-ín-rín, ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn láyà. Ó rọra sọ kúlà kalẹ̀, ó ṣí ìdérí rẹ̀, ó sì yọ láptọ́ọ̀pù kan jáde, gbígbẹ ni, omi kò kàn án.

"Mo rò pé ìrẹsì lẹ gbé wá," ni Bàlíkísù wí.

"Ẹ má bínú, àǹtí. Ìrẹsì ò sí. Òní ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbí, àpò mi sì ti ya. Màmá mi ló ní kí n gbé kúlà ẹja àwọn."

"Ẹja? Ìyẹn ni mo ṣe ń gbóòórùn nǹkan."

"Wọ́n ti fọ̀ ọ́ o."

"Wọn ò fọ̀ ọ́ dáadáa."

Ni àwọn méjèèjì bá bú sẹ́rìn-ín. Bàlíkísù wọlé lọ, ó mú táwẹ́ẹ̀lì kékeré tó fi ń nu tábìlì rẹ̀ wá, ó nà án sí i. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín: kì í ṣe ìfẹ́ ló kọ́kọ́ mú un, àánú ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé ilé àánú kì í jìnnà sí ilé ìfẹ́, ọgbà kan náà ni wọ́n jọ ń lò.

Àbdùlsàmàd ni orúkọ rẹ̀, Sàmàd ni gbogbo ayé ń pè é. Ọmọ Ìwáyà ni, létí ọ̀sà, níbi tí ìyá rẹ̀, Shakirat, ti ń yan ẹja tà. Bàbá rẹ̀ ti kú. Iṣẹ́ kíkọ́ sáìtì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló kọ́, iṣẹ́ yẹn náà ni Bàlíkísù ń ṣe lọ́dọ̀ ọ̀gá wọn, Bright, ọmọ Ẹdó kan tó ti pẹ́ ní Yábà débi pé ó ń fi Yorùbá bú ènìyàn, ó sì ń fi í bẹ̀bẹ̀.

Ní ti Bàlíkísù, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Alhaji Ọláyíwọlá bí ni. Ta ni kò mọ Alhaji Ọláyíwọlá ní Jíbówú? Àwọn bọ́ọ̀sì rẹ̀ ń lọ sí Iléṣà, wọ́n ń lọ sí Ìbàdàn, wọ́n ń lọ sí Ìlọrin. Nítorí ọmọ rẹ̀ ló ṣe gbé iṣẹ́ sáìtì ilé iṣẹ́ rẹ̀ fún Bright, kí àwọn èrò lè máa gba ìjókòó sílẹ̀ láti orí fóònù wọn. Ó fẹ́ kí sáìtì náà jáde kí èrò Iléyá tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀.

Iṣẹ́ tó bọ́ sọ́wọ́ Sàmàd nínú rẹ̀ ni títo ẹ̀rọ àwòṣe, àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pe àwòṣe yẹn ní témpléètì. Bí télọ̀ ṣe ń ní bébà kan tó fi ń gé bùbá fún gbogbo ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni sáìtì náà ṣe ní ojú ìwé kan fún gbogbo èrò, ẹ̀rọ àwòṣe ni yóò sì máa ki orúkọ oníkálùkù àti ìlú tó ń lọ bọ àwọn àlàfo inú rẹ̀. Ẹ̀rọ tó wúlò ni, àmọ́ kì í dá nǹkan kan mọ̀. Ohun gbogbo ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ là sílẹ̀ fún un kó tó lè ṣiṣẹ́.

Lọ́jọ́ kan, Sàmàd ti ń bá a jà láti òwúrọ̀. "Ẹ wá wò ó o, àǹtí. Ojú ìwé rè é níwájú mi, ẹ̀rọ yìí ní òun ò rí i."

"Níbo lo ní kó ti wá a?"

"Nínú fódà."

"Fódà wo?"

"Èyí tó wà níbẹ̀ yẹn ṣá."

Bàlíkísù fa àga sún mọ́ ọn. "Tí màmá ẹ bá ní kó o gbé ẹja lọ fún ẹnì kan ní Ìwáyà, tí wọn ò wá sọ ilé tó ń gbé ńkọ́?"

"Mo máa bèèrè lọ́nà."

"Òun ò lẹ́nu tó máa fi bèèrè. Júwe ilé fún un." Ó na ọwọ́ kọjá níwájú rẹ̀, ó kọ ọ̀nà tó lọ sí fódà náà síbi tó yẹ, ojú ìwé náà sì yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Sàmàd wo ojú ìwé, ó tún wo ẹni tó mú un jáde, ó wá ń wo ẹni yẹn lọ.

"Ẹ ṣeun, àǹtí."

"Ta ni àǹtí ẹ? Ṣé mo ti dàgbà tó yẹn ni?"

"Rárá. Ẹ̀rù ló ń bà mí kí n má lọ pè ẹ́ ní nǹkan míì."

Kò sí ẹni tó tún rí ojú ìwé wò dáadáa nínú àwọn méjèèjì títí ilẹ̀ fi ṣú.

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti jọ ń jẹun ọ̀sán. Sàmàd á ra gúgúrú àti ẹ̀pà, yóò sì ṣa ẹ̀pà inú rẹ̀ fún un. Bàlíkísù á ní òun ò fẹ́, yóò sì jẹ ẹ́ tán. Tí wọ́n bá ṣíwọ́, wọ́n á rìn títí dé Sábó, wọ́n á dúró níbẹ̀ bí ẹni ń retí mọ́tò, mọ́tò á sì máa kọjá lọ. Nígbà tó yá, ó mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìwáyà. Bàlíkísù jókòó sórí àpótí nínú èéfín, ó ní òun náà á bá wọn yí ẹja, ó sì jóná níka. Ìyá náà bu omi tútù sí i, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i.

"Rọra, ọmọ olówó. Iṣẹ́ wa nìyí, kì í ṣe tìẹ."

"Mà, ẹ pè mí ní Bàlíkì. Ẹ jẹ́ n yí èyí tó kù."

Shakirat wo ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ó mú ẹja tó tóbi jù lórí ààrò, ó fi bébà dì í fún ọmọbìnrin náà lọ sílé.

Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ létí ọ̀sà ni Sàmàd dúró. "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, Bàlíkì. Mo ti ń wá bí mo ṣe máa sọ ọ́ kó dùn létí, mi ò rí i. Ló jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí."

"Ó dùn báyìí." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Èmi náà nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ó ti pẹ́."

"Bàbá ẹ ńkọ́? Alhaji tó ní bọ́ọ̀sì, èmi tí mo gbé láptọ́ọ̀pù sínú kúlà ẹja."

"Bàbá mi ò ní bèèrè ohun tó o ní. Ẹni tó mú ẹ wá ni wọ́n máa bèèrè. Nílé wa, ẹnu àgbà ló ń sọ ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin, etí bàbá ló sì ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Tó bá ti ìta wá bá wọn, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Sàmàd, mi ò ṣeré."

Wọ́n fẹnu kò pé bí Iléyá bá ti kọjá, ẹ̀gbọ́n bàbá Sàmàd yóò lọ rí Alhaji. Títí dìgbà náà, kí ẹnikẹ́ni má gbọ́.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dàrú mọ́ ẹni lọ́wọ́. Nǹkan kan ṣoṣo ló kù nínú títo ẹ̀rọ àwòṣe náà. Àwọn èrò kan wà tí wọn kì í fẹ́ kọ orúkọ wọn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bí àlàfo orúkọ bá sì ṣófo, ojú ìwé á kọ̀ láti ṣí. Torí náà, Sàmàd gbọ́dọ̀ fún ẹ̀rọ ní ọ̀rọ̀ kan tí yóò máa lò nígbàkúùgbà tí kò bá rí orúkọ kankan. Ó yẹ kó kọ "èrò wa". Ohun tó kọ nìyí: "Bàlíkísù ọkàn mi." Ó dán an wò, ó ṣiṣẹ́, ó sì fi ojú pe ẹni tó ni orúkọ kó wá wò ó.

"Ẹ káàbọ̀, Bàlíkísù ọkàn mi," ni ojú ìwé náà wí, pẹ̀lú àwọ̀ ewéko ilé iṣẹ́ bàbá rẹ̀ lókè. "A dúpẹ́ pé ẹ yàn wá."

Inú Bàlíkísù dùn, ó dùn débi pé ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ó tó. Jẹ́ n yọ ọ́," ni Sàmàd wí.

"Fi í sílẹ̀. Jẹ́ kó wà níbẹ̀ dọ̀la, kí n tún rí i. A máa yọ ọ́ kó tó jáde."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Mo ní kó o fi í sílẹ̀ jàre."

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí wọ́n jáde lọ jẹun, Alhaji pe Bright lórí fóònù pé èrò Iléyá ti ń ya bọ̀, ṣé iṣẹ́ kò tíì parí ni? Bright wo ojú ìwé náà, ó fi orúkọ ara rẹ̀ dán an wò, ó rí i pé ó ki òun dáadáa, ó sì tì í jáde sí gbangba. Ó fẹ́ fi yà wọ́n lẹ́nu ni. Ó ti ra mọ́ọ̀tì tútù dè wọ́n.

"My people, we don go live," ló wí bí wọ́n ṣe wọlé. "Alhaji happy well well."

Sàmàd kò dúró gba mọ́ọ̀tì. Ó sáré dé ìdí láptọ́ọ̀pù rẹ̀, ó yọ orúkọ náà, ó fi "èrò wa" rọ́pò rẹ̀, àmọ́ omi ti dànù. Fóònù Bàlíkísù ti ń dún. Bàbá rẹ̀ ni.

"Máa bọ̀ ní Jíbówú," ni Alhaji wí. "Mú ẹni tó kọ ọ́ dání." Ó sì pa fóònù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní gáréèjì, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún wọn nìyí. Tíṣà àgbà kan tó ń lọ sí Iléṣà kò fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tó gbé fóònù rẹ̀ fún akọ̀wé ní ojú fèrèsé, ọmọ náà kà á sókè: "Ẹ káàbọ̀, Bàlíkísù ọkàn mi." Bàbá náà ní òun kọ́ ni Bàlíkísù, òun kò sì mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó tò sí ẹ̀yìn rẹ̀ náà tún jẹ́ Bàlíkísù ọkàn mi, bàbá onírùngbọ̀n kan tó ru àpò ìrẹsì. Kí wọ́n tó ṣẹ́jú, àwọn tó ń pe èrò ti ń gbà á lẹ́nu ara wọn: "Ìbàdàn, ó ku ẹnì kan! Bàlíkísù ọkàn mi, wọlé ká máa lọ!" Kò sì sí awakọ̀ kan níbẹ̀ tí kò mọ orúkọ ọmọ Alhaji.

Alhaji kò pariwo. Ó jókòó sẹ́yìn tábìlì rẹ̀, ó bọ́ fìlà, ó gbé e kalẹ̀.

"Ta ló kọ ọ́?"

Sàmàd dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. "Èmi ni, sà. Ẹ dárí jì mí."

"Wọ́n ní ibẹ̀ ni wọ́n ń lò fún ẹni tí kò lórúkọ. Ṣé ọmọ mi lo wá fi dípò ẹni tí kò lórúkọ?"

"Rárá, sà. Ibẹ̀ la máa ń fi ohun tó máa kù sí, tí gbogbo nǹkan yòókù bá ṣófo. Orúkọ tó wà lọ́kàn mi nìyẹn."

Alhaji na ìka síta. "Ẹnu rẹ dùn. Àwọn tí ẹnu wọn dùn pọ̀ ní gáréèjì yìí, àwọn ló ń bá mi pe èrò. Ta ló tún mọ̀ sí i?"

Bàlíkísù gbọ́ ìbéèrè náà. Ó mọ̀ pé òun ló kàn. Ó wo bàbá rẹ̀, ó wo fìlà orí tábìlì, ó gbọ́ ẹ̀rín àwọn awakọ̀ lóde, ahọ́n rẹ̀ kò sì gbé.

"Èmi nìkan ni, sà," ni Sàmàd wí láti ilẹ̀. "Kò sẹ́ni tó mọ̀."

"Dìde, kó o máa lọ. Mi ò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ pẹ̀lú orúkọ ọmọ mi mọ́. Bàlíkísù, o ò gbọdọ̀ dé ọ́fíìsì yẹn mọ́."

Sàmàd lọ. Kò bojú wẹ̀yìn, kó má bàa jẹ́ pé wọ́n á rí i lójú Bàlíkísù pé nǹkan wà láàárín wọn ju èyí tí wọ́n ti rí lọ.

Bright gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ Sàmàd, ó fún ẹlòmíràn. Ẹ̀gbọ́n bàbá Sàmàd ránṣẹ́ sí Alhaji pé òun fẹ́ wá kí i, Alhaji ní kó má ṣe wàhálà. Iléyá dé, wọ́n pa àgbò, ilé wọn ní Sùúrùlérè kún fún ènìyàn, Bàlíkísù kò lè gbé ẹran kan mì. Nígbà tí Sàmàd pè é lórí fóònù, ohùn rẹ̀ balẹ̀, ìyẹn ló wá dùn ún jù.

"Kí ló dé tó ò sọ pé èmi ni mo ní kó o fi í sílẹ̀?" ni Bàlíkísù bi í.

"Kí n wá sọ ọ́ níwájú bàbá ẹ? Ojú wo ni wọ́n á wá fi wò ẹ́? Tèmi ti bàjẹ́ ná, kí tìẹ ṣì dúró. Má sọ nǹkan kan, ìfẹ́ mi. Inú wọn á rọ̀ tó bá yá."

"Tí ò bá rọ̀ ńkọ́?"

Sàmàd yí ọ̀rọ̀ padà, ó ní ṣé ìka rẹ̀ tó jóná ti jiná. Ìyẹn ni Bàlíkísù fi mọ̀ pé òun náà ti ń rò ó.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Tiẹ̀ nìkan kọ́ ló fẹ́ bá a dákẹ́ yìí, ti Sàmàd náà wà nínú rẹ̀. Ojú tì í. Kì í ṣe ìtìjú pé gáréèjì pe orúkọ òun, ìyẹn ti di ẹ̀rín fún un nísinsìnyí. Ohun tó tì í lójú ni pé ọkùnrin kan wà nílẹ̀ níwájú bàbá òun, ó ń gba ẹ̀bi òun, òun sì dúró bí igi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ó lọ bá bàbá rẹ̀ ní fàráńdà, níbi tó ti ń mu tíì. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, mo fẹ́ sọ nǹkan."

"Sọ ọ́."

"Mo rí i kó tó jáde. Sàmàd fẹ́ yọ ọ́. Èmi ni mo ní kó fi í sílẹ̀, torí inú mi dùn sí i."

Alhaji gbé ife kalẹ̀. "O wà níbẹ̀ nígbà tí mo bèèrè pé ta ló mọ̀ sí i."

"Mo wà níbẹ̀."

"Ó sì ní òun nìkan ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Kí ló dé tó o fi dákẹ́?"

"Ẹ̀rù bà mí. Ojú yín ni mo ń rò, mi ò ro tirẹ̀."

"Ìyẹn burú ju ohun tí wọ́n kà ní Jíbówú lọ."

"Mo mọ̀." Omi ti ń dà lójú rẹ̀. "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, Bàbá. Tẹ́ ẹ bá ní kí n má fẹ́ ẹ, mi ò ní jáde nílé láìgba àṣẹ yín. Àmọ́ ẹ má ṣe kọ̀ ọ́ torí ẹ̀ṣẹ̀ mi."

Alhaji gbé ojú sókè. Ó ṣe bí ẹni pé ẹyẹ orí wáyà ló ń wò.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gba awakọ̀ síṣẹ́," ló wí nígbẹ̀yìn. "Tí mọ́tò bá ti kan nǹkan, ẹ̀bi ọ̀nà ni, ẹ̀bi òjò ni, ẹ̀bi kọ̀ǹdọ́ ni. Mi ò tíì rí èyí tó gbé ẹ̀bi ẹlòmíì rù, kó má sì padà wá sọ ọ́ fún mi." Ó fi etí agbádá nu ojú ọmọ rẹ̀. "Sọ fún un kí àwọn àgbà wọn wá. Òun kọ́ o. Àwọn àgbà wọn. Kí wọ́n wá bí wọ́n ṣe ń wá sílé ọmọlúwàbí."

Wọ́n sì wá. Shakirat wọ aṣọ tó dára jù lọ tó ní, ẹ̀gbọ́n bàbá Sàmàd ló ṣáájú, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní àwọn rí òdòdó kan lọ́gbà Alhaji, ojú àwọn ò sì lè kúrò lára rẹ̀. Sàmàd wà nílẹ̀ lẹ́yìn gbogbo wọn nínú bùbá funfun, kò gbórí sókè. Alhaji gbọ́ wọn tán, ó ní ọ̀rọ̀ kù sọ́wọ́ ẹni tó ni í, kí wọ́n pe Bàlíkísù jáde.

Ó jáde pẹ̀lú ìborùn lójú, àbúrò bàbá rẹ̀, Àǹtí Motọ́lání, sì dì í mú lápá. Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n á bi ọmọ léèrè, ọmọ á wolẹ̀, á máa fi ìka ẹsẹ̀ ha kápẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á tún bi í, á rẹ́rìn-ín sínú. Ó dìgbà tí wọ́n bá bi í lẹ́ẹ̀kẹta kó tó fọhùn, ohùn yẹn náà kò sì gbọdọ̀ kọjá ẹnu rẹ̀.

"Bàlíkísù," ni Alhaji wí, "àwọn wọ̀nyí ní ìwọ ni àwọn ń wá. Ṣé kí n gbà, tàbí kí n—"

"Ẹ gbà, Bàbá." Ó ṣí ìborùn lójú. Ohùn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó dúró ní fàráńdà. "Èmi náà ni mo fẹ́ ẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà."

Ẹnu ya àwọn ìyàwó ilé. Àǹtí Motọ́lání já a lápá. "Ọmọ yìí, kí ló ń lé ẹ? Wọn kì í dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Dákẹ́, kí wọ́n tún bi ẹ́."

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni Alhaji wí. "Mo ti bi í léèrè rí, tó dákẹ́."

Ó wá dìde, ó gba àárín àwọn àlejò kọjá, ó na ọwọ́ sí Sàmàd, ó ní kó kúrò nílẹ̀, kó wá jókòó.